Katakata ṣe é háyà, òjò kò ṣe é háyà



Ẹni tó bá dúró ní Lapaz, ní Accra, fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré yóò gbọ́ orúkọ àdúgbò náà títí yóò fi sú u. Àwọn méètì trotro ló ń pariwo rẹ̀ tí wọ́n fi ń pe èrò. Nínú gbogbo àwọn tó ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀, agbára káká la fi máa rí ẹni tó ní bọ́ọ̀sì tirẹ̀, kò sì dun ẹnikẹ́ni. Èrò san owó ibi tó ń lọ, ó jókòó, ó dé ibẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Táyà tó bẹ́ àti ẹ́ńjìnnì tó kú kì í ṣe ẹrù tirẹ̀.

Inú èdè Gã ni wọ́n ti mú orúkọ trotro. Tro ni wọ́n ń pe owó tí Yorùbá ń pè ní tọ́rọ́, èyí tí èrò máa ń san láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2016, ilé iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní Ghana tó pe ara rẹ̀ ní TROTRO Tractor. Àgbẹ̀ yóò fi fóònù pe katakata bí èrò ṣe ń nawọ́ sí trotro lójú pópó. Ẹni tó ní ẹ̀rọ yóò wá, yóò gba owó iṣẹ́ tó ṣe, yóò sì kọjá sí oko ẹlòmíràn. Ní Nàìjíríà, ọdún 2014 ni ará Amẹ́ríkà kan, Jehiel Oliver, ti dá Hello Tractor sílẹ̀ lórí irú èrò kan náà.

Irú ìháyà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tòní dá lé, àmọ́ kì í ṣe fún ìtúlẹ̀. Ẹnì kan ní pápá tó ti ń gé koríko rẹ̀ tó ń sá gbẹ fún ẹran. Pápá náà ti ń rẹ̀yìn, koríko rẹ̀ ti ń fọ́n ká, kò sì dára lẹ́nu ẹran mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ háyà ẹ̀rọ tí yóò gbin irúgbìn tuntun sáàárín koríko tó wà nílẹ̀, láìtú ilẹ̀. Iṣẹ́ yìí dùn ún sọ. Ibi tó ti máa ń dàrú ni ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò dé.

Ẹlòmíràn á ní kí ló kan ará Lapaz nínú koríko. Ọ̀nà N1 tó gba Lapaz kọjá, tí wọ́n ṣí ní 2012, tó gùn tó kìlómítà 14 láti Tetteh Quarshie dé Mallam, kì í ṣe ọ̀nà oko rárá. Ṣùgbọ́n ẹran kan ará Lapaz. Púpọ̀ nínú màlúù àti àgbò tí ìlú Accra ń jẹ, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀, láti àríwá Ghana, Burkina Faso àti Mali. Bí Iléyá bá sì ń bọ̀, ẹni tó ra àgbò ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọdún, tó so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ló máa kọ́kọ́ mọ̀ pé koríko kì í ṣe ohun tí à ń rí he nígboro. Èèpo ẹ̀gẹ́, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé ẹ̀pà gbígbẹ, owó ni gbogbo rẹ̀.

Ó tún ku ti ilé. Kí òfin àwọn àjèjì ti ìjọba Busia ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ Yorùbá kúrò ní Ghana, púpọ̀ nínú wọn ló wá láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ìnísà àti Ọ̀fà. Ẹ wo àwọn ìlú wọ̀nyẹn dáadáa: ọ̀dàn ló pọ̀ níbẹ̀, ibi koríko ni wọ́n wà. Ọmọ Ìgbẹ́tì tó ń ṣòwò ní Accra lè ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nílé tó ń fi sílẹ̀ fún iná àti màlúù onímàlúù lọ́dọọdún, kó má sì rò ó rí pé koríko inú rẹ̀ lè di ohun títà.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí ti di òfin. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣe òfin lórí dída ẹran káàkiri ní 2016, Ọ̀yọ́ tẹ̀lé e ní 2019. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ dída ẹran ní gbangba mọ́, Oǹdó àti Èkó sì ṣe òfin tiwọn kí ọdún náà tó parí. Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni Ààrẹ Bola Tinubu kéde ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn. Ibi tí màlúù kò gbọ́dọ̀ dé ni ariwo pọ̀ lé lórí jù. Ẹni tí yóò gbin ohun tí màlúù yóò jẹ nínú ọgbà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Kí ló ń ṣe koríko tó wà tẹ́lẹ̀? Nígbà òjò, kò sí ohun tó ń ṣe é. Àmọ́ bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti wọlé, koríko ilẹ̀ wa á le bí igi, pùrótéènì inú rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ ju ìdá 7 nínú 100 lọ. Níbi tó bá ti rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn kòkòrò inú ikùn màlúù tó ń bá a lọ oúnjẹ kò ní rí agbára ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹran á kún níkùn, á sì máa rù. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń fi ewéko ìdílé ẹ̀wà kún pápá koríko. Stylo ni èyí tí wọ́n mọ̀ jù ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ó ń mú náítrójìn láti inú afẹ́fẹ́, ó ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀, ewé rẹ̀ tó gbẹ sì ṣì ní oúnjẹ nínú nígbà tí koríko ti di pòròpórò.

Ẹnì kan lè ní kí a kúkú tú gbogbo ilẹ̀ náà, kí a gbin tuntun. Ní IITA, ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, Rattan Lal lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi hàn pé bí a bá tú irú ilẹ̀ tiwa sílẹ̀ gbalasa, òjò ńlá á gbé ojú rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí koríko tàbí ewé gbígbẹ bò ni omi ń wọ̀ dáadáa. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn World Food Prize ní 2020. Ní Ghana, Kofi Boa ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ẹ̀kọ́ yìí kan náà ní ibùdó rẹ̀ ní Amanchia, lẹ́bàá Kumasi. Pápá koríko tó ti dàgbà ti ní ìbora tirẹ̀. Ẹni tó bá tú u ń sanwó láti pàdánù ohun tó ní.

Ibi tí ẹ̀rọ ìgbinrúgbìn ti wúlò nìyẹn. Irú ẹ̀rọ báyìí kì í ṣe tuntun. Ọdún 1701 ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ fún ti Jethro Tull ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí wọ́n ń lò fún pápá koríko ní abẹ irin róbótó bí àwo, tó ń gé ojú ìlà tín-ín-rín gba inú koríko kọjá. Irúgbìn á bọ́ láti inú àpótí òkè, á gba páìpù sọ̀kalẹ̀ sínú ìlà náà, táyà kékeré tó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn á sì tẹ ilẹ̀ pa dé. Koríko tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọjá.

Irúgbìn stylo kéré gan-an. Bó bá ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ nínú ilẹ̀, ó lè má jáde. Ìdajì sẹ̀ǹtímítà dára jù. Èèpo rẹ̀ tún le, nítorí náà a máa ń rì í sínú omi tó gbóná gan-an tí kò tí ì hó fún ìṣẹ́jú mélòó kan, a ó wá sá a kó gbẹ kí ó tó wọ inú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá dà á tútù sínú àpótí á rí i bí yóò ṣe so mọ́ra tí yóò dí páìpù pa.

Wíwọn ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ń fò dá, nítorí awakọ̀ ń kánjú. Ẹ má jẹ́ kó kánjú. Ká ní ẹ̀rọ náà fẹ̀ ní mítà 2, tí táyà rẹ̀ bá sì yí lẹ́ẹ̀kan, ó ń rin mítà 2 àti ààbọ̀. Ìyípo kan jẹ́ ilẹ̀ mítà 5 níbùú lóròó. Ẹ gbé ẹ̀rọ sókè, ẹ tẹ́ ike sábẹ́ páìpù, ẹ fi ọwọ́ yí táyà nígbà 20. Ìyẹn jẹ́ mítà 100, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún hẹ́kítà. Bí ẹ bá fẹ́ kílò 6 lórí hẹ́kítà kan, ohun tó yẹ kó wà nínú ike ni gíráàmù 60. Bó bá jẹ́ 120, irúgbìn yín á tán ní ìdajì oko. Bí ojú ihò bá tóbi jù fún irúgbìn kékeré, iyanrìn gbígbẹ la máa ń pò mọ́ ọn, kí a tó tún un wọ̀n.

Ẹ tún yẹ inú àpótí wò kí ẹ̀rọ tó wọ oko. Ẹ̀rọ tí a háyà ti oko ẹlòmíràn bọ̀, èpò oko yẹn sì lè wà nínú páìpù àti lára ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ táyà. Ìgbálẹ̀ kan àti ìṣẹ́jú 20 tó fún iṣẹ́ yìí.

Ó wá ku ọjọ́, òun gan-an ló le jù.

Òjò Accra kò pọ̀. Ní ọdún kan, kò tó mílímítà 900. Ìlà ilẹ̀ gbígbẹ yìí gba Lomé lọ títí dé gúúsù Benin. Ibẹ̀ ni igbó kìjikìji ti já, tí ọ̀dàn sì dé etí òkun. Oṣù Karùn-ún àti Ìkẹfà ni òjò ibẹ̀ ń pọ̀ jù, ó ń dáwọ́ dúró ní oṣù Kẹjọ, ó tún ń padà wá díẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá. Bí irúgbìn bá wọlẹ̀ lẹ́yìn òjò méjì tàbí mẹ́ta tó rinlẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló ní láti ta gbòǹgbò. Bí ẹ̀rọ bá fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́, ìdá mẹ́rin àkókò ti lọ nìyẹn. Bó bá fi oṣù kan pẹ́, ó ti gbin irúgbìn fún èèrà. Ìgbẹ́tì àti Ṣakí sàn díẹ̀, nítorí òjò wọn gùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Kí ló dé tí ẹ̀rọ fi ń pẹ́? Kì í ṣe ìwà burúkú ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí òjò rọ̀ sí oko yín ló rọ̀ sí oko gbogbo ará àdúgbò. Ẹni tó ní katakata sábà máa ń jẹ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀: oko tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣe, ó kan ti ẹbí, ó kan ti ẹni tó ní hẹ́kítà 20 pa pọ̀. Ẹni tó ní pápá koríko hẹ́kítà kan, tó jìnnà sí títì, tí kùkùté sì wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn ló máa wà. Epo tí ẹ̀rọ ń jó kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó máa fi ṣiṣẹ́.

Ìjọba Ghana ti gbìyànjú lórí èyí. Ní 2007, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò AMSEC: wọ́n ta katakata ní ẹ̀dínwó fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni kí wọ́n lè máa fi ṣiṣẹ́ fún àgbẹ̀ kékeré. Nígbà tí àwọn olùwádìí IFPRI yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì gbé àbájáde wọn jáde ní 2013, wọ́n rí i pé òwò náà kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀dínwó ọ̀hún. Iye ọjọ́ tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́dún kéré jù, nítorí ìtúlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi í ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó mú onípápá koríko rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò rí iṣẹ́ ṣe ní oṣù mẹ́sàn-án nínú ọdún ni òun kò rí háyà ní ọ̀sẹ̀ tó nílò rẹ̀. Irin ìtúlẹ̀ ló sì sábà ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbinrúgbìn ṣọ̀wọ́n.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn yọ. Lẹ́yìn tí ìjì eruku ba ilẹ̀ oko wọn jẹ́ nínú àwọn ọdún 1930, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ ìtọ́jú ilẹ̀ àti omi sílẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan láti 1937. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ yìí ló ní ẹ̀rọ ìgbinrúgbìn tí kò nílò ìtúlẹ̀, tí wọ́n ń háyà fún àgbẹ̀ ní iye kan lórí éékà. Àgbẹ̀ á fi orúkọ sílẹ̀, á fi katakata tirẹ̀ wá fà á, á sì dá a padà kí ẹni tó kàn lè gbé e. Gbogbo ìlú ló ní ẹ̀rọ náà, kì í ṣe alágbàṣe kan tó ní oko tirẹ̀ láti kọ́kọ́ gbìn. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní Òkè Ògùn tàbí ní ìpẹ̀kun Accra lè ra ọ̀kan bẹ́ẹ̀ pọ̀, bí Yorùbá ṣe ń dá àjọ.

Kó tó di ìgbà náà, ohun tó wà níkàáwọ́ onípápá ni kó ṣe tirẹ̀ sílẹ̀. Kó yọ kùkùté nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Kó ra irúgbìn kó sì dán an wò: ka 100 sórí aṣọ tútù, wo iye tó hù. Kó gé koríko mọ́lẹ̀ títí yóò fi ku bí ìka mẹ́rin, kó sì kó èyí tó gé kúrò. Kó bá àwọn tí pápá wọn kan tirẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n pe ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí awakọ̀ tó bá rí hẹ́kítà 6 lójú kan á yára dé ju ẹni tó ń wá hẹ́kítà 1 lọ. Nínú àdéhùn, kí ọjọ́ má jẹ́ ti kàlẹ́ńdà nìkan. Kí wọ́n kọ ọ́ pé láàárín ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn òjò kejì tó rinlẹ̀, àti pé bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, àsansílẹ̀ á padà. Kí wọ́n kọ ẹni tí yóò tún abẹ ṣe bó bá kọlu òkúta.

Bí ẹ̀rọ kò bá wá ńkọ́? Ní ìparí àwọn ọdún 1970 àti nínú àwọn ọdún 1980, àjọ ILCA bá àwọn Fúlàní darandaran ṣiṣẹ́ ní gúúsù Kàdúná, ní Kurmin Biri àti Abet. Wọ́n pe pápá tí wọ́n ṣe ní báńkì koríko, hẹ́kítà 4 tí wọ́n fi wáyà yí ká. Wọn kò háyà ẹ̀rọ kankan. Màlúù ni wọ́n mú sùn síbẹ̀ lálaalẹ́ kó lè fi pátákò tú ojú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó sì ya ìgbẹ́ síbẹ̀. Bí òjò ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọ́n stylo sí i lọ́wọ́. Ó ń jẹ irúgbìn ju ẹ̀rọ lọ, àmọ́ màlúù kì í pẹ́ dé, nítorí ilé rẹ̀ ni. Fún ẹni tí kò ní màlúù, ẹ̀rọ aláfọwọ́tì kan wà tó ń yí lórí ilẹ̀ bí àgbá, tó ń fi ẹnu ṣóńṣó gún irúgbìn wọlẹ̀. Ray Wijewardene, ọmọ Sri Lanka, ló ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní IITA. Àgbàdo àti ẹ̀wà ló bá a mu jù. Irúgbìn wẹ́wẹ́ bíi stylo á fẹ́ sùúrù.

Bí irúgbìn bá ti hù, iṣẹ́ kò tíì tán. Koríko àtijọ́ ní gbòǹgbò, yóò sáré ju ọmọ tuntun lọ, yóò sì síji bò ó. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ tún gé e lókè orí àwọn ọmọ náà, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹran jẹ ẹ́ kíákíá, kí ẹ sì lé wọn jáde. Ẹ má fi ajílẹ̀ náítrójìn sí i lọ́dún yẹn, koríko ni yóò bọ́. Bí owó bá wà, fọ́sífétì ni kí ẹ rà.

Ní oṣù Kẹjọ tí òjò Accra bá dáwọ́ dúró, a lè gé koríko kí oòrùn sì gbẹ ẹ́, àmọ́ kí abẹ má rẹlẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ kì í mú nǹkan púpọ̀ wá. Bí ẹ bá jẹ́ kí stylo so, tí ẹ kò sì jẹ́ kí iná wọlé títí èso yóò fi bọ́ sílẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, òjò oṣù Karùn-ún tó ń bọ̀ á bá irúgbìn nílẹ̀, ẹ kò sì ní pe katakata kankan.